Ẹni Tí Ó Bí Ọmọ Ọ̀ràn: Ṣé Òun Nìkan Ni Yóò Máa Pọ̀n Ọ́n?



Àwọn àgbà wa a máa pa á lówe pé, ẹni tí ó bí ọmọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọ́n. Òwe àgbà ni, òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀, nítorí pé kò yẹ kí ènìyàn sá fún ẹrù tí ó jẹ́ tirẹ̀ kí ó sì máa retí pé kí ará òde wá bá òun gbé e. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí a fi ń gé iṣu fún ọmọ jẹ náà ni ó lè ya ọmọ lọ́wọ́. Láti Ọ̀rẹ̀ dé Odìgbó, títí dé àwọn abúlé àgbẹ̀ tí ó wà láàrin oko kòkó àti oko ọ̀pẹ, ọ̀nà kan náà ni a sábà máa ń gbà lo òwe yìí. Nígbà tí a bá fẹ́ yí ẹ̀yìn sí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀, tí ó ń ké láìnídìí lójú wa, tí kò bá ẹgbẹ́ ṣeré, a ó pa òwe náà, ọkàn wa yóò sì fúyẹ́, a ó máa bá tiwa lọ.

Mo fẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè méjì lọ́sẹ̀ yìí. Èkínní: ta gan-an ni “ẹni tí ó bí” nínú òwe náà? Ṣé ìyá nìkan ni ó bí ọmọ? Èkejì: nígbà tí ẹni tí ó bí i bá ti pọ̀n ọ́n tán, ṣé ìran ni kí àwọn tí ó kù máa wò?

Irú ọmọ tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe wárápá, kì í sì í ṣe wèrè. Ọ̀nà tí ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́ ni ó yàtọ̀ láti kékeré. Ẹ ó pe orúkọ rẹ̀, kò ní dáhùn, débi pé ẹ ó rò pé adití ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ya ọ̀rá bisikíìtì ní yàrá kejì, yóò gbọ́ ọ. Ó lè má fẹ́ wo ènìyàn lójú. Òmíràn a pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, òmíràn kò ní sọ̀rọ̀ rárá. Òmíràn ẹ̀wẹ̀ ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó tilẹ̀ gbọ́n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń bá ènìyàn ṣe ọ̀rẹ́. Ó lè to ìdérí ìgò sí ìlà kan láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kí ó sì figbe ta bí a bá mú ẹyọ kan kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ gbà lánàá ni ó fẹ́ kí ẹ gbà lónìí. Ariwo tí ẹ̀yin kò kà sí lè máa dun etí rẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń fi abẹ́rẹ́ gún un.

Ẹ wo oríta wa ní Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Bìní ti pàdé ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa. Fèrè ọkọ̀ ń dún, àwọn tí ń polówó oògùn ń pariwo nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn ọlọ́jà ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Bí a bá mú irú ọmọ yìí gba ibẹ̀ kọjá, tí ó sì wó lulẹ̀, tí ó ń ké, tí ó di etí mọ́wọ́, ẹni tí ń kọjá yóò ní ọmọ àkẹ́bàjẹ́ ni, ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Yóò sọ ọ́ kí ìyá náà lè gbọ́. Ìyá náà yóò sì gbọ́.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ṣọ̀wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, bí ẹni 1 nínú ènìyàn 127 ni ó ní ọ́tísíìmù. Ẹ ka iye ènìyàn tí ó wà nínú ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ Àìkú tí Mísà kún, kí ẹ fi 127 pín in, kí ẹ sì wo ọ̀tún wo òsì. Bí a kò bá rí wọn láàrin wa, níbo ni wọ́n wà? Nínú kí wọ́n wà láàrin wa láìsí ẹni tí ó mọ ohun tí ń ṣe wọ́n, àti kí a ti wọ́n mọ́lé ní ọjọ́ Olúwa, kí àlejò má baà rí wọn, ọ̀kan ni.

Ẹ má ṣe rò pé àwa aláìmọ̀wé nìkan ni a ti dá ìyá irú ọmọ yìí lẹ́bi. Ní ọdún 1943, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Leo Kanner, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí ìṣe wọn jọ ara wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni orúkọ ọ́tísíìmù fún àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti tàn kálẹ̀. Nígbà tí ó yá, òun àti àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òbí wọn ni kò fi ìfẹ́ hàn sí wọn, pé ìyá tí ọkàn rẹ̀ tutù bí omi yìnyín ni ó sọ ọmọ di bẹ́ẹ̀. Fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá tí ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn láti wá ìrànlọ́wọ́, ẹ̀bi ni ó ń gbé bọ̀ wálé. Ta ni ó wá tú irọ́ náà fó? Òbí ni. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bernard Rimland, tí òun fúnra rẹ̀ bí ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù, ka gbogbo ìwé tí ó lè rí kà lórí ọ̀ràn náà, ó sì tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1964 láti fi hàn pé ọ̀ràn ara ni, kì í ṣe ọ̀ràn àìnífẹ̀ẹ́. Ní London, láti ọdún 1962, àwọn òbí ti kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ kan fún ìdí yìí kan náà. Lorna Wing, tí ó jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ tí ó sì jẹ́ ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wà lára wọn. Ní ọdún 1969, Kanner fúnra rẹ̀ dúró níwájú àpéjọ àwọn òbí, ó sì dá wọn láre.

Ní ọdún 1977 ni àwọn oníwádìí méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Susan Folstein àti Michael Rutter, mú ẹ̀rí kan wá láti ara àwọn ìbejì. Ìbejì 21 ni wọ́n yẹ̀ wò, nínú èyí tí ó kéré tán ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ní ọ́tísíìmù. Nínú 11 tí wọ́n jọ ara wọn bí ìmumu, 4 wà tí Táíwò àti Kẹ́hìndé ní in pọ̀. Nínú 10 tí wọn kò jọra bẹ́ẹ̀, kò sí ẹyọ kan. Bí ó bá ṣe pé ìtọ́jú burúkú ni ó fa ọ̀ràn náà ni, ilé kan náà ni wọ́n kúkú ti jọ dàgbà. Ẹ̀jẹ̀ àti ìran ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá, ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ti ìyá sì ni. Bákan náà ni ìwé tí a fi sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ń fà á, èyí tí ó jáde ní ọdún 1998, wá di ohun tí àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra wọn fagi lé ní ọdún 2010. Nítorí náà, ẹ má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ yẹn dá abẹ́rẹ́ ọmọ yín dúró.

Ẹ wá jẹ́ kí a bọ̀ wá sí ilé. Bí àwọn òyìnbó kò ti dá ìyá lẹ́bi mọ́, àwa kò tíì jáwọ́. A ní àjẹ́ ni ó fọwọ́ kàn án nínú oyún. A ní emèrè ni ọmọ náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ó ń rẹ́rìn-ín sí ògiri. Ìyá ọkọ a ní irú èyí kò sí ní ìdílé àwọn. A ó gbé ọmọ lọ sí ibi tí wọn yóò ti fi pàṣán nà án kí ẹ̀mí àìmọ́ lè jáde. Ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch tẹ ìròyìn kan jáde nípa ilẹ̀ wa, èyí tí ó fi hàn bí a ti ń fi ẹ̀wọ̀n de àwọn tí ọpọlọ wọn ṣe àìlera mọ́lẹ̀ ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ilé àdúrà àwọn onígbàgbọ́ àti ti Mùsùlùmí, àti ní ibi tí ìjọba dá sílẹ̀ pàápàá. Mo fẹ́ sọ ọ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn: ẹni tí ó bá na ọmọ nítorí pé kò lè sọ̀rọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ń dá, bí ó tilẹ̀ mú Bíbélì lọ́wọ́ kejì.

Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Olúwa wa bi í léèrè irú ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí ó ṣẹ̀, bóyá òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Ẹ ka Ìhìnrere Jòhánù Mímọ́, orí kẹsàn-án. Jésù kò yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó dá ọkùnrin náà láre, ó dá bàbá àti ìyá rẹ̀ láre, ó sì yí ojú wọn kúrò ní ohun tí ó ti kọjá sí iṣẹ́ Ọlọ́run tí ó yẹ kí a ṣe lára rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa pàápàá, tí wọn kò tíì gbọ́ Ìhìnrere, wọ́n ní ẹni òrìṣà ni àfín, arọ àti abuké, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹni tí a ti ṣe ìwẹ̀mọ́ fún mọ ọ̀wọ̀ ẹ̀dá kéré sí ẹni tí a kò ṣe é fún?

Mo dé ibi ìbéèrè mi èkínní nísinsìnyí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ ní ilẹ̀ yìí, pé ọmọ tí ó dára ti bàbá ni, èyí tí kò dára ti ìyá ni. Ẹ̀rín ni a fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ti fi omijé gbọ́ ọ. Nígbà tí ọmọ bá yege ìdánwò, orúkọ bàbá ni a ó fi kì í. Nígbà tí dókítà bá sọ pé ọ́tísíìmù ni, bàbá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé láti oko, tàbí kí ó wá iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, tàbí kí àwọn ẹbí bá a wá ìyàwó tí yóò bí “ọmọ gidi” fún un. Ìyá nìkan ni yóò kù pẹ̀lú ọmọ, òwe náà yóò sì ṣẹ sí i lára: òun nìkan ni “ẹni tí ó bí”.

Nígbà tí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ìdọ́gba nínú ìgbéyàwó lóde òní, ọkàn wa a lọ tààrà sí àríyànjiyàn tí ń lọ ní ilẹ̀ òkèèrè nípa ọkùnrin àti ọkùnrin, obìnrin àti obìnrin. Ẹ mọ ohun tí Ìjọ Mímọ́ ń kọ́ wa, pé láàrin ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni Ọlọ́run dá ìgbéyàwó sí. Ẹ sì mọ̀ pé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2014 ka èyí tí ó yàtọ̀ sí i léèwọ̀. Ìjọ kan náà tún kọ́ wa nínú Katikísìmù rẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀sí lọ ẹnikẹ́ni tàbí kí a rẹ́ ẹ jẹ nítorí ọ̀ràn yìí, nítorí ọmọ òbí kan ni òun náà. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé ohùn wa a máa ròkè lórí ìdọ́gba tí a kò gbà, kí ó sì wálẹ̀ lórí ìdọ́gba tí a gbà. Ìpàdé Ńlá Vatican Èkejì, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1965 nípa Ìjọ nínú ayé òde òní, sọ ọ́ gbangba pé iyì ọkọ àti iyì ìyàwó dọ́gba, kí ìfẹ́ wọn lè pé. Òfin Ìjọ ti ọdún 1983 sì fi kún un pé ẹ̀tọ́ wọn àti ojúṣe wọn nínú àjọgbé wọn bára dọ́gba, àti pé ìtọ́jú ọmọ jẹ́ ojúṣe tí ó wúwo jù lọ fún àwọn méjèèjì. Ẹ̀jẹ́ tí ọkọ jẹ́ níwájú pẹpẹ kò ní àfi-bí-ọmọ-bá-dára nínú.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Fadá, ọwọ́ kò dọ́gba. Bàbá ní láti wá owó, ìyá ní láti tọ́jú ilé.” Mo gbà. Ìdọ́gba tí mo ń sọ kì í ṣe pé kí àwọn méjèèjì máa ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó ń béèrè pé kí ọ̀ràn náà jẹ́ ọ̀ràn àwọn méjèèjì. Bàbá tí ó wà lóko kòkó lè má lè bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ ohun tí dókítà sọ. Ó yẹ kí ó mọ oúnjẹ tí ọmọ náà ń jẹ àti èyí tí kì í fi kan ẹnu, ariwo tí ń bà á lẹ́rù, àti ohun tí ń mú inú rẹ̀ rọ̀. Ó yẹ kí ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ìyá náà lè sùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, iṣẹ́ kan wà tí kò sí ẹni tí ó lè bá bàbá ṣe é: nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ bá pé jọ, tí wọ́n ń fi ẹnu tẹ́ ìyàwó rẹ̀, òun ni kí ó dìde kí ó ní, “Ọmọ mi ni. Èmi àti ìyá rẹ̀ ni a jọ bí i.” Gbólóhùn yìí kò gba owó, síbẹ̀ mo mọ àwọn ilé tí a ti ń retí rẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Ìdọ́gba mìíràn tún wà nínú ilé kan náà, èyí tí ó wà láàrin ọmọ sí ọmọ. Owó kò tó, ọmọ mẹ́rin ni ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, bàbá sì rò ó pé kí ni òun yóò máa ná owó lé èyí tí kò ní lè tọ́jú òun lọ́jọ́ ogbó. Ìrònú náà kì í ṣe ìrònú ìkà, àìní ni ó ń bí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé e dé òpin. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí èrè ni a ṣe ń tọ́ ọmọ, a jẹ́ pé ọjà ni ọmọ, èyí tí kò bá sì mówó wọlé, a lè dà á nù. Nígbà náà, kí ni a ó sọ fún àwọn ọmọ yòókù lọ́jọ́ tí bàbá bá darúgbó, tí òun náà kò mówó wọlé mọ́? Ẹ̀kọ́ tí a fi ara arákùnrin wọn kọ́ wọn ni wọn yóò lò fún un.

Àwọn kan a máa fi ẹ̀bùn dá irú àwọn ọmọ yìí láre. Inú mi dùn gan-an, bí inú ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dùn, nígbà tí ìròyìn kàn ní ọdún 2025 pé ọ̀dọ́mọdé kan tí ó ní ọ́tísíìmù ní Àbújá ti ya àwòrán tí àwọn Guinness gbà pé òun ni ó tóbi jù lọ lágbàáyé lórí aṣọ àyàwòrán. Ó yẹ kí a yọ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, kí ayọ̀ náà má baà di ẹrù tuntun lórí ìyá tí ọmọ tirẹ̀ kò ya àwòrán kankan, tí ó jẹ́ pé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń wọ ṣòkòtò. Ẹ̀bùn dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó sọ ọmọ di ènìyàn. Àwòrán Ọlọ́run tí a fi dá a ti wà lára rẹ̀ kí ó tó gbé bírọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó sì pé pérépéré lára ẹni tí kò ní gbé e láéláé.

Nítorí èyí ni òbí ṣe gbọdọ̀ jẹ́ alágbàwí. Ẹ̀yin tí ń gbàdúrà Rosárì mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń pe Ìyá wa Màríà. Alágbàwí ni ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò pọn dandan kí ó pariwo, ṣùgbọ́n ó gbọdọ̀ mọ ohun tí ó ń sọ. Ẹ mọ̀ pé òfin kan wà ní ilẹ̀ yìí, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, tí ó ka ìrẹ́jẹ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé òpin ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tí ó bá sì fi àkàndá ẹ̀dá gún lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè san ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ a sì máa san mílíọ̀nù kan náírà. Ẹ lè lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ̀tọ́ ni ẹ wá béèrè, kì í ṣe àánú. Ẹ má ṣe fi ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ ní ọmọ ọdún méjì sílẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé yóò sọ̀rọ̀ tí ó bá yá. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí a yẹ etí rẹ̀ wò, kí ẹ sì béèrè ọ̀nà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó kan láti ọdún 2011 fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ní Èkó, Ìyáàfin Dọ̀tun Àkàndé, tí òun náà jẹ́ ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀, dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní ọdún 2006. Kò sí oògùn tí ń mú ọ́tísíìmù kúrò, ẹni tí ó bá sì sọ pé òun ní in, owó yín ni ó ń wá. Ohun tí ó wà ni ẹ̀kọ́ sùúrù: kíkọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, tàbí bí a ti ń fi àwòrán àti ọwọ́ sọ̀rọ̀, àti bí yóò ti máa ṣe ìtọ́jú ara rẹ̀. Bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, a máa ń so èso.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́ alágbàwí ní ààlà, kò sì yẹ kí n fi èyí pamọ́ fún yín. Òbí ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ dípò ọmọ títí láé. Ọmọ tí kò ní ohùn ní ìfẹ́-inú. Nígbà tí ó bá ti ọwọ́ yín kúrò, nígbà tí ó bá fà yín lọ sí ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Bí ó bá sì dàgbà, tí ó lè sọ ohun tí ó fẹ́, kí ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ọ, nítorí pé àwọn tí ó ní ọ́tísíìmù wà tí ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n gbéyàwó, tí wọ́n sì bímọ. Ààlà kejì ni pé ẹ̀bẹ̀ tí ó bá parí sórí ọmọ tiwa nìkan kò tíì di òdodo. Ìyá tí ó sunkún nítorí pé a fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́, kò gbọdọ̀ fi ọmọ arọ tí ó wà ní ilé kejì ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi ọmọ ẹlòmíràn tí ìwà rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ṣe ẹlẹ́yà. Ní ibi ìgbéyàwó ní Kánà, wáìnì tí ó tán kì í ṣe ti ilé Màríà. Ó rí ìtìjú tí ń bọ̀ wá bá tọkọtaya ẹlòmíràn, ó sì sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè mi èkejì kàn wá gbogbo nísinsìnyí, nítorí pé nínú ilé yìí ni a ti ń dáhùn rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Òfin Ìjọ pàṣẹ fún àlùfáà ìjọ kọ̀ọ̀kan pé kí ó rí i pé a kọ́ àwọn tí ara tàbí ọpọlọ wọn ní ìdíwọ́ ní katikísìmù bí agbára wọn bá ti mọ. Póòpù Francis, ẹni tí Ọlọ́run pè ní ọdún 2025, gba àwọn tí ó ní ọ́tísíìmù àti àwọn ẹbí wọn lálejò ní Vatican ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ó sì bẹ̀ wá pé kí a fọ́ ògiri ìdánìkanwà tí a mọ yí wọn ká. Ní ti ìjọ yìí, ó di ọ̀ranyàn fún wa láti dín ohùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn kù ní Mísà àárọ̀ kùtùkùtù, àga tí ó wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn yóò sì wà fún ẹbí tí ó lè ní láti jáde kí ó tún wọlé. Ẹ má ṣe wò wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Bí ọmọ bá ké nígbà ìwàásù, ẹ jẹ́ kí ó ké. Èmi yóò dúró. Nígbà tí afọ́jú Bátímáù ń ké ní ẹ̀bá ọ̀nà, àwọn tí ó súnmọ́ Jésù ni ó sọ pé kí ó dákẹ́. Jésù ní kí wọ́n pè é wá.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti pọn ọmọ rí mọ ohun kan: ẹni tí ó pọ̀n ọmọ kì í rí ojú ọmọ náà. Kò mọ̀ bí orí rẹ̀ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò mọ̀ bí ọ̀já bá ń tú. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn ni í rí i, tí yóò sì ní, “Ìyá, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un pọ̀n.” Àwa ni a wà lẹ́yìn. Bí ẹ bá mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yín, ẹ lọ kí wọn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe gbé àsọtẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má ṣe gbé agbo lọ. Ẹ bá ìyá náà jókòó ti ọmọ fún wákàtí kan kí ó lè lọ sí ọjà. Ẹ̀yin bàbá irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ilé àlùfáà ṣí sílẹ̀ fún yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí ẹ bá ní ohun tí ẹ kò rí ẹni bá sọ.

Kí Ọlọ́run tí ó mọ orúkọ ẹni tí kì í dáhùn bí a bá pè é, kí ó fún àwọn òbí rẹ̀ ní agbára, kí ó so ọwọ́ tọkọtaya pọ̀ lábẹ́ ẹrù kan, kí ó sì dárí jì wá fún gbogbo ọjọ́ tí a ti dúró wòran. Nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín.

Àlùfáà Ìjọ yín